Jíjò, Jíjó àti Híhó: Ọ̀rọ̀-Ìṣe Nínú Àyẹ̀wò Ẹ́ńjìnnì Tí Ó Ń Gbóná Lápọ̀jù

1. Ìfáárà

Àwọn tí ń ṣiṣẹ́ lórí èdè-ìperí sáyẹ́ǹsì sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ. Bí ẹ̀yà kan bá wà lára ẹ̀rọ, orúkọ ni wọ́n kọ́kọ́ ń wá fún un. Èyí dára, ṣùgbọ́n kò tó. Ní ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì, ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń gbé ìdájọ́ ró: ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe, ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ sí i, àti èyí tí ó ṣáájú nínú méjèèjì.

Iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1970, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé kìíní rẹ̀ ní 1984, pèsè ọ̀rọ̀ fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Iṣẹ́ ẹ̀rọ kò sí lára ohun tí ìwé náà dá lé. Nítorí náà, ibi iṣẹ́ gan-an ni a gbọ́dọ̀ ti wá ọ̀rọ̀ rẹ̀.

2. Àpẹẹrẹ kan láti Ìwòrò

Ká ní awakọ̀ kan gbéra ní Mile 2, ó ń lọ sí Ìwòrò ní agbègbè Àgbádárìgì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ dá a dúró pẹ́ lójú ọ̀nà, ọwọ́ géèjì sì gòkè. Nígbà tí ó dé Ìwòrò, mẹkáníìkì yẹ ọkọ̀ náà wò, ó sì kọ ìwé pélébé sí ẹni tí ó ni ín ní Èkó. Kò fi àmì ohùn sí i: "Gasikeeti ti jo."

Kí ni olówó ọkọ̀ yóò kà? Bí ó bá kà á sí jò, yóò rò pé omi tàbí ọ́ìlì ń gba ibẹ̀ jáde, pé a lè máa bu omi sí i títí di òpin oṣù. Bí ó bá kà á sí jó, yóò mọ̀ pé gásíkẹ́ẹ̀tì ti bàjẹ́, pé a gbọ́dọ̀ tú orí ẹ́ńjìnnì kí ọkọ̀ tó tún rìn. Àmì ohùn kan ṣoṣo ni ó wà láàrin ìnáwó díẹ̀ àti ẹ́ńjìnnì tí ó kú pátápátá.

3. Gbígbóná àti híhó

Yorùbá a máa sọ pé ara ènìyàn gbóná nígbà tí ibà bá ń ṣe é. Gbígbóná ara kì í ṣe àìsàn fúnra rẹ̀. Àmì rẹ̀ ni. Bákan náà ni ti ẹ́ńjìnnì. Ó lè gbóná nítorí pé omi rédíétọ̀ dín, tàbí pé bẹ́líìtì já, fáànù kò yí, pọ́ǹpù omi kò ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí pé tẹmọ́sítáàtì kọ̀ láti ṣí. Gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó bàjẹ́ náà lè fa ìgbóná; ìgbóná sì lè ba gásíkẹ́ẹ̀tì jẹ́, nítorí pé orí ẹ́ńjìnnì, pàápàá èyí tí a fi alumíníọ̀mù ṣe, a máa wọ́ bí ó bá gbóná jù. Atúmọ̀-èdè gbọ́dọ̀ fi "ohun tí ó fà á" àti "ohun tí ó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ" hàn kedere.

Híhó yàtọ̀ sí gbígbóná. Ní etí òkun, omi inú ìkòkò tí a kò dé ń hó ní nǹkan bí 100°C. Ṣùgbọ́n ìdérí rédíétọ̀ ń tẹ omi mọ́lẹ̀. Bí agbára ìtẹ̀mọ́lẹ̀ rẹ̀ bá tó nǹkan bí 1 bar, omi náà lè gbóná dé nǹkan bí 120°C kí ó tó hó. Ìdí nìyí tí ó fi léwu láti ṣí ìdérí nígbà tí ẹ́ńjìnnì gbóná: ìtẹ̀mọ́lẹ̀ kúrò, omi hó lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ó sì ta sókè láti bó ènìyàn lójú. Ẹni tí ó bá túmọ̀ ìkìlọ̀ yìí sí "má ṣí i bí omi bá ń hó" ti ṣi òǹkàwé lọ́nà, nítorí pé omi náà lè má tíì hó rárá.

4. Jíjò àti jíjó

Jó ń sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí gásíkẹ́ẹ̀tì. Jò ń sọ ohun tí ń gba ibi tí kò yẹ kọjá. Rọ́bà omi lè jò láìjẹ́ pé ohunkóhun jó. Gásíkẹ́ẹ̀tì sì lè jó láàrin sìlíńdà méjì tí ó fara kanra, kí omi má jò rárá. Agbára ẹ́ńjìnnì ni yóò dín, yóò sì máa gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ tí ó bá tẹ̀lé jò ni ó ń tọ́ka sí ibi tí àléébù wà:

(i) Omi jò síta: a óò rí i lára ẹ́ńjìnnì.
(ii) Omi jò wọ ọ́ìlì: ọ́ìlì yóò dà bí tíì tí a bu mílíìkì sí.
(iii) Omi jò wọ sìlíńdà: èéfín funfun yóò máa jáde ní sàláńsà láìdáwọ́ dúró, omi rédíétọ̀ yóò sì máa dín láìsí ibi tí ó hàn pé ó ń dà sí.
(iv) Afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà jò wọ omi: omi rédíétọ̀ yóò máa yọ ìfóòfó, rọ́bà omi yóò sì le gbandi kété tí a bá tan ẹ́ńjìnnì.

Bí a ti ń sọ pé táyà ń jò, bẹ́ẹ̀ ni a lè lo jò fún afẹ́fẹ́ láìdá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀.

5. Ètò àyẹ̀wò

Ètò tí olùkọ́ lè fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìyí. Kí ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ tutù. Kí a wo omi, bẹ́líìtì, fáànù àti àwọn rọ́bà. Lẹ́yìn náà ni kí a yẹ àmì mẹ́rin òkè yìí wò. Àmì kan ṣoṣo kò tó láti fi dájọ́: ìrì lè mú kí abẹ́ ìdérí ọ́ìlì funfun díẹ̀ láìsí pé gásíkẹ́ẹ̀tì bàjẹ́. Oògùn àyẹ̀wò aláwọ̀ búlúù kan wà tí a ń gbé sí ẹnu rédíétọ̀. Bí ó bá di yẹ́lò, afẹ́fẹ́ inú sìlíńdà ti wọ inú omi. A sì tún lè fi géèjì wọn agbára ìfúnpọ̀ sìlíńdà kọ̀ọ̀kan; bí ti méjì tí ó fara kanra bá dín, àárín wọn ni kí a fura sí.

Bí a bá tú orí ẹ́ńjìnnì, kí a fi irin gígùn tí ó tọ́ wò ó bóyá ó wọ́, kí a sì yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó sán. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lórí irin tí ó wọ́ yóò tún jó. Ní agbègbè etí òkun, kí a tún kìlọ̀ pé omi oníyọ̀ kò yẹ fún rédíétọ̀. A máa jẹ irin.

6. Ìgúnlẹ̀

Kò sí ìdí láti lé gásíkẹ́ẹ̀tì, rédíétọ̀ àti sìlíńdà jáde nínú èdè. Àyálò tí gbogbo ibi iṣẹ́ ti gbà ni wọ́n. Gbóná, hó, jò, jó, wọ́ àti sán ni ó yẹ kí a tọ́jú, kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ kan ṣoṣo, kí a má sì kọ jò tàbí jó láìfi àmì ohùn sí i. Ohùn kì í ṣe ọ̀ṣọ́ nínú ìwé ẹ̀rọ. Òun ni yóò sọ fún awakọ̀ Ìwòrò bóyá kí ó bu omi kí ó máa lọ, tàbí kí ó pa ọkọ̀ rẹ̀ síbẹ̀.