Ọ̀rá Kì Í Ṣe Náílọ́ọ̀nù

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ìjọba orílẹ̀-èdè Niger ṣe òfin tó ka ṣíṣe, kíkó wọlé, títà àti lílo àwọn àpò kan léèwọ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi kọ òfin náà, ó sì la ohun tó ń bá wí mọ́lẹ̀: ike rírọ̀ tí kò ki.

Yorùbá tó ń tajà ní Wadata, ní Niamey, bó bá ń ṣàlàyé òfin yìí fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìbàdàn dé, ó ṣeé ṣe kó ní, "Wọ́n ti fòfin de náílọ́ọ̀nù." Àṣìpè ni. Náílọ́ọ̀nù ni ohun tí ẹgbẹ́ Wallace Carothers kọ́kọ́ ṣe ní iléeṣẹ́ DuPont ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1935. Òun ni wọ́n fi ń ṣe ìbọ̀sẹ̀ obìnrin àti àwọ̀n apẹja. Ohun mìíràn ni àpò tí wọ́n ń rọ omi sí: políẹtilíìnì ni, àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ṣèèṣì rí i ní iléeṣẹ́ ICI lọ́dún 1933.

Àwọn ìyá ọlọ́jà wa sì ti sọ ọ́ lórúkọ tipẹ́: ọ̀rá. Orúkọ yìí bá a mu ju bí ọ̀pọ̀ ti rò lọ. Nínú ọ̀rá ẹran, kábọ̀nù bíi 16 tàbí 18 ló máa ń tò tẹ̀ lé ara wọn, tí háídrójìn sì so mọ́ wọn lára. Nínú ọ̀rá inú ọjà, ìtò kan náà ni, àmọ́ kábọ̀nù ibẹ̀ lè tó ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ìdí nìyí tí omi kì í fi í wọ inú èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Bí orúkọ ṣe gba ìṣọ́ra, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀-ìṣe tí a fi ń sọ bí irú ìtò yìí ṣe wà pa pọ̀. Nígbà tí Hermann Staudinger, ará Jámánì, kọ̀wé lọ́dún 1920 pé mólékù gígùn gbọọrọ ló wà nínú rọ́bà, tí a sín bí ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbà. Wọ́n ní àwọn mólékù kéékèèké kàn *dì mọ́ra* ni. Staudinger ní rárá, wọ́n *so pọ̀* ni. Ohun tó so pọ̀, àfi kó já. Ohun tó dì mọ́ra lè tú láìjá. Lórí ìyàtọ̀ yìí ni àríyànjiyàn náà dá lé, Staudinger ló sì jàre. Ó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1953.

Síbẹ̀, dídì mọ́ra kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Ẹ wo ẹ̀kọ. Bí ògì bá ń hó lórí iná, àwọn okùn sítáàṣì inú rẹ̀ á tú jáde sínú omi. Bó bá ti ń tutù, wọ́n á tún wá ara wọn rí, wọ́n á dì mọ́ra, wọ́n á sì há omi mọ́ àárín. A ó wá ní ẹ̀kọ ti dì. Ẹ fi omi gbígbóná pò ó, yóò tún rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni okùn kankan kò já. Irú ìdìmọ́ra báyìí ni Jean-Marie Lehn, ará Faransé, fún ní orúkọ tirẹ̀ nínú ìmọ̀ kẹ́místrì lọ́dún 1978. Òun àti àwọn méjì mìíràn gba Nobel lọ́dún 1987.

Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi náílọ́ọ̀nù sílẹ̀ fún àwọ̀n, ẹ fi rọ́bà sílẹ̀ fún táyà, kí ẹ sì máa pe ọ̀rá ní ọ̀rá.