Eyín Tí Ó Ń Mì àti Eyín Tí A Jù Sórí Òrùlé

Ẹni púpọ̀ ní agbègbè Òkè-Ògùn, láti Ṣakí títí dé Ìsẹ́yìn, ni ó gbà pé bí eyín àgbàlagbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ọjọ́ orí ni ó fà á. Èrò yìí kò tọ̀nà. Àìsàn ni ó sábà máa ń mú eyín mì, kì í sì í ṣe ara eyín gan-an ni àìsàn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, bí kò ṣe lára ohun tí ó gbé eyín dúró.

Gbòǹgbò eyín kò lẹ̀ mọ́ egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ tààrà. Fọ́nrán tín-ín-rín ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì, tí ó nà láti ara gbòǹgbò dé ara egungun, bí òwú ti í nà lórí òfì àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn. Nígbà tí èérí bá pẹ́ ní ìdí eyín, àwọn kòkòrò àìfojúrí a pọ̀ níbẹ̀; ẹran ìdí eyín a wú, a sì máa ṣẹ̀jẹ̀ bí a bá ń run orin. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀, fọ́nrán a já, egungun a sì máa dín kù díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ń mu sìgá àti ẹni tí ó ní àrùn àtọ̀gbẹ ni ewu yìí pọ̀ fún jù.

Oníṣègùn lè fọ èérí náà kúrò, kí ẹran sì san. Ṣùgbọ́n egungun àti fọ́nrán tí ó ti lọ kì í sábà padà fúnra wọn. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wádìí ohun tí a ń pè ní sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀.

Sẹ́ẹ̀lì ni ohun kékeré tí a fi mọ ara gbogbo ohun alààyè. Púpọ̀ nínú wọn ni ó ti ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí kì í yí padà. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Àgbẹ̀ yóò tètè mọ̀ ọ́n bí a bá fi í wé èbù iṣu: kò ní ewé, kò ní gbòǹgbò, síbẹ̀ bí ó bá dé inú ebè, láti ara rẹ̀ ni gbogbo wọn yóò ti jáde. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà, tí Stan Gronthos àti Songtao Shi wà lára wọn, kéde pé irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ wà nínú ẹran rírọ̀ tí ó wà láàárín eyín àgbà.

Ọmọbìnrin Shi, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni ó ṣí ọ̀nà kejì. Eyín rẹ̀ kan yọ, bàbá sì rí i pé ẹran pupa ṣì wà nínú rẹ̀. Nígbà tí òmíràn yọ, ó gbé e lọ sí ibi iṣẹ́, wọ́n sì bá sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàyè nínú rẹ̀. Ní 2003 ni wọ́n tẹ ìròyìn náà jáde. Irú eyín yìí kan náà ni àwa ń jù sórí òrùlé, tí àwọn àgbà ń kìlọ̀ pé kí alángbá má ṣe rí i! Ní 2004, wọ́n tún rí irú sẹ́ẹ̀lì náà lára fọ́nrán ìdí eyín. Wọ́n fi í sára eku, ohun tí ó jọ fọ́nrán náà sì hù níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ènìyàn kì í ṣe eku. Ní ìlú Xi'an ní ilẹ̀ Ṣáínà, àwọn oníṣègùn dán ọ̀nà yìí wò lára ènìyàn 30, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2016. Wọ́n ṣí ẹran ìdí eyín, wọ́n fọ ibẹ̀, wọ́n sì fi egungun màlúù tí a ti sọ di mímọ́, tí a lọ̀ wẹ́wẹ́, dí ihò tí ó wà nínú egungun. Àwọn kan gba sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ láti ara eyín tiwọn mọ́ ọn, àwọn yòókù kò gbà á. Sẹ́ẹ̀lì náà kò pa ẹnikẹ́ni lára. Egungun pọ̀ sí i fún àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n àwọn tí ó gba sẹ́ẹ̀lì kò ṣe dáadáa ju àwọn yòókù lọ lọ́nà tí a lè fọwọ́ sọ̀yà. Ní Tókíò, ìròyìn 2018 sọ pé ara ènìyàn 10 tí a fi irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tọ́jú yá. Àmọ́ kò sí ẹgbẹ́ mìíràn tí a fi wọ́n wé.

Ẹ má ṣe rò nítorí èyí pé àlọ́ ni ọ̀rọ̀ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀. Ní 2011, ilé ìwòsàn Yunifásítì ní ìlú Benin fi í tọ́jú àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Iṣẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ nìyẹn, ó yàtọ̀ sí ti eyín. Ẹni tí ó bá wá sọ fún yín lónìí pé òun yóò fi abẹ́rẹ́ sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ hu ìdí eyín yín padà, ẹ fi owó yín sápò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ kò ní láti máa fi eyín ọmọ pamọ́ sínú ìgò. Òrùlé ṣì wà níbẹ̀.

Orin ata àti orin àyìn dára, bí a bá fi wọ́n dé ẹ̀yìn eyín àti kọ̀rọ̀ ẹnu. Iwájú nìkan ni púpọ̀ nínú wa ń fọ̀, tí a ó sì fi orin há ẹnu máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀ lọ. Èérí tí ó bá ti le bí òkúta kò gbọ́ ti orin mọ́, irinṣẹ́ oníṣègùn eyín ni ó lè há a kúrò. Ilé ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn ní ẹ̀ka tí ó ń tọ́jú ẹran ìdí eyín. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ ní ìdí eyín rẹ̀ lemọ́lemọ́ kò gbọdọ̀ dúró di ìgbà tí yóò mì. Oníṣègùn yóò fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ wọn bí àlàfo ṣe jìn tó láàárín eyín àti ẹran, yóò sì fọ ìdí rẹ̀ títí dé ara gbòǹgbò. Eyín tí ó ti ń mì pàápàá, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni a ń yọ.