Ẹ̀kọ́ fún Àwọn Ìyá Ọlọ́mọ: Ọmọ Tí Wọ́n Bá Fi Ìtànṣán Wo Orí Rẹ̀

 

Ní ìpàdé wa tó kọjá ní Ìjẹmọ níbí, àbúrò wa kan pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n lọ fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ tó wà lórí ọmọ náà. Àwọn kan sì ti sọ fún un pé ìtànṣán ọ̀hún náà ló máa di kókó sí ọmọ lórí tó bá dàgbà. Ó ní, “Ìyá Akọ̀wé, ẹ dákun, òótọ́ ni àbí irọ́?” N kò lè dáhùn lójú ẹsẹ̀. Mo lọ bèèrè, mo sì kà nípa rẹ̀. Ohun tí mo rí kọ́ nìyí.

Kí ló ń jẹ́ ìtànṣán? Ní 1895, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Wilhelm Röntgen, rí ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò lè rí, tó ń gba inú ẹran ara kọjá. Òun là ń pè ní X-ray. Ọdún yẹn náà ni àwọn Fadá dá ọsibítù Sacred Heart sílẹ̀ ní Lántòrò wa níbí, kí ẹ lè mọ bó ti pẹ́ tó. Tó bá kéré, wọ́n ń fi í ya àwòrán egungun àti àyà. Tó bá pọ̀, ó ń pa ohun tó bá bà. Èyí tó pọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti làpálàpá. Gbogbo wa la mọ làpálàpá orí ọmọ iléèwé. Kó tó di pé oògùn oníhóró tí wọ́n ń pè ní griseofulvin jáde ní ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà òyìnbó a máa tan X-ray sí orí ọmọ kí irun rẹ̀ lè re dànù, kí làpálàpá lè lọ. Wọ́n rò pé kò léwu. Láàárín 1910 sí 1959, àwọn onímọ̀ ṣírò pé àwọn ọmọ tí wọ́n ṣe é fún káàkiri ayé lè tó ọ̀kẹ́ mẹ́wàá, ìyẹn 200,000.

Ibi tí wọ́n ti tọpa ọ̀rọ̀ náà dáadáa ni Ísírẹ́lì. Láàárín 1948 sí 1960, wọ́n ṣe é fún ọ̀pọ̀ ọmọ, pàápàá ọmọ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀lú láti Mòrókò àti àwọn ìlú mìíràn ní Àríwá Áfíríkà. Irun re, làpálàpá lọ, irun tún hù. Ìyá dúpẹ́, ó sì gbàgbé. Àfi ní 1974 tí dókítà Baruch Modan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pé kókó ń yọ lórí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ju ti àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Ní 1988, Elaine Ron àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tún yẹ 10,834 nínú wọn wò. Kókó tó ń hù lára awọ tó bo ọpọlọ pọ̀ lára wọn ju ti ẹlòmíràn lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án àti ààbọ̀. Ẹlòmíràn lo ogún ọdún, ẹlòmíràn lo ọgbọ̀n ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó yọjú. Ní 1994, ìjọba Ísírẹ́lì ṣòfin pé kí wọ́n san owó gbà-má-bínú fún àwọn tó fara gbá a. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọgbọ́n ọdún nìí, wèrè ẹ̀míìn.

Kí ló dé tó fi ń pẹ́ bẹ́ẹ̀? Ìtànṣán á pa èyí tó bá pa, ṣùgbọ́n ó lè ṣe èyí tó kù léṣe nínú, ojú ò sì ní rí i. Ẹ̀yin alásọ, ẹ mọ bí ikán ṣe ń ṣe. Ó lè ti wọ ìdí bélì, kí òkè aṣọ ṣì máa dán.

Àmọ́ ẹ má gbọ́ ọ ní àgbọ́yé. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ yẹn ni kò ní kókó kankan. X-ray tí wọ́n fi ń wo apá tó dá tàbí ikọ́, ó kéré gan-an sí èyí, ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Làpálàpá kì í pa ọmọ, ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí wọ́n fi ìtànṣán wò ó. Jẹjẹrẹ ń pa ọmọ. Lóòótọ́, wọ́n ti rí kókó lẹ́yìn ọdún púpọ̀ lára àwọn tí wọ́n fi ìtànṣán wo jẹjẹrẹ ojú tàbí ti ẹ̀jẹ̀ fún ní kékeré, ìdí sì nìyẹn tí àwọn dókítà fi ń dín in kù, tí wọ́n ń lo oògùn níbi tí oògùn bá ti tó. Níbi tí kò bá tó, ìtànṣán ló lè dá ẹ̀mí ọmọ sí.

Nítorí náà, ìdáhùn mi fún àbúrò wa ni pé: gbé ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ṣe nǹkan mẹ́rin yìí.

Èkíní, bi dókítà pé ǹjẹ́ ọ̀nà mìíràn wà. Ìbéèrè kì í ṣe àfojúdi.

Èkejì, gba ìwé: ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, apá ibi tí wọ́n tan ìtànṣán sí, àti iye rẹ̀. Tọ́jú rẹ̀ bí o ṣe ń tọ́jú rìsíìtì ṣọ́ọ̀bù. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, dókítà yẹn á ti fẹ̀yìn tì.

Ẹ̀kẹta, sọ ọ́ fún ọmọ fúnra rẹ̀ tó bá gbọ́njú. Ó lè jẹ́ pé ìwọ ti lọ sílé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà bá dìde. Kí ó máa sọ fún dókítà èyíkéyìí tó bá lọ bá.

Ẹ̀kẹrin, ẹ mọ àmì: kókó lórí tó ń tóbi bí kò tilẹ̀ dunni, orí fífọ́ tó ń le láàárọ̀ pẹ̀lú èébì, gìrì lára àgbàlagbà tí kò ní in tẹ́lẹ̀, ojú tó ń ṣú, apá kan tó ń rọ, egbò orí tí kò jinná. Ẹ má sọ pé ayé ló ń ṣe é. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá, kẹ́ ẹ sì mú ìwé yẹn dání. Púpọ̀ nínú kókó awọ ọpọlọ kì í ṣe jẹjẹrẹ, wọ́n sì lè ṣiṣẹ́ abẹ yọ ọ́.

Ẹni tí kò lè kọ̀wé nínú wa, kó mú káàdì ọmọ rẹ̀ wá bá mi ní ìsọ̀. Ọ̀fẹ́ ni mo máa bá a kọ ọ́ sínú ìwé.

Olúwa ò ní jẹ́ ká fi ọmọ sunkún. Àmín.

Èmi ni Akọ̀wé yín.