Ẹ̀KỌ́ 7: NÍGBÀ TÍ IGI KÒ BÁ SO ÈSO

Bíbélì Kíkà: Hábákúkù 1:1-4, 12-17, 2:1-4, 3:16-19
Ẹsẹ Àkọ́sórí: Hábákúkù 3:18
Kókó Ẹ̀kọ́: Onígbàgbọ́ lè sọ ìrora rẹ̀ fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n kì í kúrò ní ibi ìṣọ́ rẹ̀.

BÍBÉLÌ KÍKÀ OJOOJÚMỌ́
Ajé: Hábákúkù 1:1-17
Ìṣẹ́gun: Hábákúkù 2:1-4
Ọjọ́rú: Orin Dáfídì 73
Ọjọ́bọ̀: Ẹ́kísódù 17:8-13
Ẹtì: Hébérù 10:32-39
Àbámẹ́ta: Jákọ́bù 5:7-11
Ọjọ́ Olúwa: Hábákúkù 3:16-19

Ọ̀RỌ̀ ÌṢÁÁJÚ
Àwọn àgbà a máa wí pé ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í sì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Àgbẹ̀ lè tọ́jú oko kòkó rẹ̀ dáadáa, kí òjò pọ̀ jù, kí èso sì dúdú, kí ó jẹrà lórí igi. Òṣìṣẹ́ lè ṣe iṣẹ́ oṣù mẹ́ta láìrí owó oṣù kan gbà. Tọkọtaya lè máa retí ọmọ fún ọdún mẹ́wàá. Ohun tí ó mú ọ̀rọ̀ náà le ni pé púpọ̀ nínú àwọn tí irú èyí ń dé bá kì í fi àdúrà ṣeré, wọn kì í sì í pa ilé Ọlọ́run jẹ. Ní òru, nígbà tí ilé bá dákẹ́, wọ́n a máa bi ara wọn pé, "Ǹjẹ́ Ọlọ́run ń gbọ́?" Ẹ̀kọ́ wa ti òní fi hàn wá pé wòlíì Ọlọ́run pàápàá ti béèrè bẹ́ẹ̀ rí.

ÀLÀYÉ Ẹ̀KỌ́

1. Ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ tọ Ọlọ́run lọ (1:1-4, 12-17)
Hábákúkù sọ àsọtẹ́lẹ̀ ní ilẹ̀ Júdà ní nǹkan bí 600 ọdún kí a tó bí Olúwa wa. Ìwà ipá kún ìlú, ìdájọ́ òdodo sì di ohun tí a ń wá tì. Wòlíì náà ké pe Ọlọ́run títí. Nígbà tí ìdáhùn dé, ó tún pa kún ìdààmú rẹ̀: Ọlọ́run yóò gbé àwọn ará Kálídéà, ẹ̀yà òǹrorò, dìde láti bá Júdà wí. Hábákúkù tún béèrè pé, báwo ni Ọlọ́run mímọ́ ṣe lè dákẹ́, kí ènìyàn búburú máa gbé ẹni tí ó sàn jù ú lọ mì?
Ẹ kíyè sí i pé Ọlọ́run kò bá a wí nítorí pé ó béèrè. Ẹni tí ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ tọ Ọlọ́run lọ kò tíì kọ Ọlọ́run sílẹ̀. Ẹni tí ó yẹ kí a bẹ̀rù fún ni ẹni tí kò bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ mọ́.

2. Ó dúró ní ibi ìṣọ́ (2:1-4)
Lẹ́yìn tí ó ti béèrè tán, ó lọ dúró lórí ilé ìṣọ́ láti retí èsì. Àwọn tí ó ti ṣọ́ ẹyẹ lóko ọkà bàbà rí mọ ohun tí èyí jẹ́. Ẹni tí ó wà lábẹ́ àtíbàbà kò lè mú kí ọkà tètè gbó. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó wà níbẹ̀. Bí ó bá lọ, ẹyẹ yóò jẹ ohun tí ìkórè ìbá bá.
Èsì tí ó rí gbà ni pé ìran náà ní àkókò tirẹ̀. Bí ó bá pẹ́, kí ó dúró dè é, nítorí olódodo yóò wà láàyè nípa ìgbàgbọ́. Pọ́ọ̀lù gbé ọ̀rọ̀ yìí jáde ní Róòmù 1:17 àti Gálátíà 3:11. Ìwé Hébérù sì fi ṣe ìṣírí fún àwọn tí a ti kó ẹrù wọn lọ nítorí ìgbàgbọ́ (10:34-38).
Ní èdè Hébérù, ọ̀rọ̀ tí Hábákúkù lò fún ìgbàgbọ́ náà ni a lò ní Ẹ́kísódù 17:12 fún ọwọ́ Mósè tí ó dúró ṣinṣin títí oòrùn fi wọ̀. Ẹ rántí pé ọwọ́ náà ti rẹ̀ ẹ́ ná. Áárónì àti Húrì ni wọ́n gbé e ró. Nítorí náà, kò sí ìtìjú nínú kí ó rẹ̀ wá, bẹ́ẹ̀ ni a kò sì retí kí ẹnikẹ́ni nínú wa dá dúró.

3. Ó yọ̀ síbẹ̀ (3:16-19)
Hábákúkù kò díbọ́n. Inú rẹ̀ wárìrì, ètè rẹ̀ gbọ̀n. Ó ka àdánù náà lọ́kọ̀ọ̀kan: ọ̀pọ̀tọ́, àjàrà, ólífì, oko, agbo àgùntàn, agbo màlúù. Lọ́dọ̀ tiwa, ó dà bí ẹni tí ó sọ pé iṣu kò ta, àgbàdo kò gbó, ọ̀pẹ kò so, ewúrẹ́ àti adìyẹ sì tán nílé. Síbẹ̀, ó pinnu láti yọ̀ nínú Olúwa. Kò sọ pé bí Ọlọ́run bá dá wọn padà ni òun yóò yọ̀. Wàhálà tí ó ń bẹ̀rù sì dé lóòótọ́: ní 586 kí a tó bí Olúwa wa, àwọn ará Bábílónì fọ́ Jerúsálẹ́mù. Ọlọ́run kò ṣèlérí fún un pé kò ní rí ibi. Ó fún un ní agbára láti rìn nínú rẹ̀.

ÀPẸẸRẸ LÁTI ILẸ̀ WA
Ní 1850 ni míṣọ́nnárì T. J. Bowen gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Láàárín ọdún díẹ̀, iṣẹ́ Ìjọ Onítẹ̀bọmi ti bẹ̀rẹ̀ ní Ìjàyè, Ògbómọ̀ṣọ́, Abẹ́òkúta àti Èkó. Lẹ́yìn náà ni ìgbà yí padà. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ìlú náà sì fọ́ ní 1862. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láti 1861 sí 1865, dí ọ̀nà owó àti òṣìṣẹ́. Ní 1864, Joseph Harden, míṣọ́nnárì aláwọ̀ dúdú tí ó wà ní Èkó, kú. Ní 1867, a lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kúrò ní Abẹ́òkúta. Nígbà tí ó yá, kò ku míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi kan tí a rán láti Amẹ́ríkà mọ́ ní ilẹ̀ Yorùbá.
Àmọ́ ní Èkó, Sarah Harden, opó Joseph Harden, àti àwọn díẹ̀ kò jẹ́ kí ìjọsìn náà kú. Wọn kò mọ ọjọ́ tí ìrànlọ́wọ́ yóò dé. Nígbà tí W. J. David àti W. W. Colley dé ní 1875, wọn kò bá ilẹ̀ òfìfo. Àwọn kan ti wà ní ibi ìṣọ́.

ÌLÒ Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌGBÉSÍ AYÉ WA
(a) Má ṣe fi ẹsẹ̀ kan sí ilé Ọlọ́run, kí o sì fi òru gba ilé babaláwo lọ. Ẹni tí ó ń ṣọ́ oko méjì kò ṣọ́ ọ̀kankan.
(b) Má ṣe torí pé o kò ní owó ìdáwó tàbí aṣọ tuntun fi ìjọsìn sílẹ̀. Ìtìjú ti mú ọ̀pọ̀ ènìyàn kúrò ní ibi ìṣọ́ ju inúnibíni lọ.
(d) Má ṣe dà bí àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù, tí wọ́n ń wá ẹ̀ṣẹ̀ sí ẹni tí ìyà ń jẹ lọ́rùn. Jẹ́ Áárónì àti Húrì: bá opó ro oko rẹ̀, ra ọjà lọ́wọ́ ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà, lọ jókòó ti ẹni tí ó ń sunkún.
(e) Ṣe iṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ rẹ lónìí. Fi ọ̀la lé Ọlọ́run lọ́wọ́.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ
1. Ìyàtọ̀ wo ni ó wà láàárín kíkùn sí Ọlọ́run àti gbígbé ẹjọ́ ẹni tọ̀ ọ́ lọ?
2. Kí ni ó máa ń mú kí ọmọ ìjọ fi ìṣòro rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ará? Kí ni kíláàsì wa lè ṣe sí i?
3. Bí Hábákúkù bá ń gbé ní ìlú wa, àwọn àdánù wo ni ìwọ rò pé yóò kà ní 3:17?
4. Ta ni ọwọ́ rẹ̀ ń rẹ̀ nínú wa? Ta ni yóò bẹ̀ ẹ́ wò kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí?

ÀDÚRÀ
Kí olùkọ́ fún kíláàsì ní ìṣẹ́jú díẹ̀ láti dákẹ́, kí olúkúlùkù sọ fún Ọlọ́run, láìfi ohunkóhun pamọ́, igi tí kò so èso nínú ayé rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí a gbàdúrà fún ara wa ní méjì-méjì.