Ògbólógbòó Alùpùpù Bàbá Ilé: Ẹ̀kọ́ fún Ìpàdé Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin

Bíbélì kíkà: Amosi 3:3; Luku 14:28-30; Matteu 6:19-21
Ète ẹ̀kọ́: Kí a lè mọ ohun tí a ó ṣe kí ohun tí ọkọ tàbí aya fẹ́ràn má baà tú ilé ká.

Ẹ lè rẹ́rìn-ín nígbà tí ẹ bá ka àkọlé ẹ̀kọ́ yìí, ṣùgbọ́n ilé kan ní ìlú Ẹdẹ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tú nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, àwa náà sì wà lára àwọn tí ó bá wọn parí rẹ̀. A gba àṣẹ lọ́wọ́ tọkọtaya náà kí a tó kọ ọ́, a kò sì ní dárúkọ wọn.

1. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀

Arákùnrin kan fẹ́ràn láti máa kó alùpùpù àtijọ́ jọ. Ó ní Honda 175 méjì, Vespa kan, àti Lambretta kan tí kò ní ẹ́ńjìnnì. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún, ẹ̀yìnkùlé kún. Ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti máa ń sá èlùbọ́ di ibi tí wọ́n ń to táyà sí. Ìyá náà ń kùn, bàbá náà ń dákẹ́.

Nígbà tí sáà ilé-ẹ̀kọ́ kan wọlé, bàbá mú nínú owó tí àwọn méjèèjì jọ fi pamọ́ fún àwọn ọmọ, ó fi ra táyà àti ìjókòó alùpùpù, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ọjọ́ tí wọ́n lé ọmọ wá sílé nítorí owó ilé-ẹ̀kọ́ ni ìyá tó mọ̀. Inú bí i gidigidi. Ní ọjọ́ kejì, bí ọkọ rẹ̀ ti lọ sí Òṣogbo, ó pe àwọn tí ń ra irin àlòkù wọlé, ó sì ta Honda tí ó dípẹtà jù lọ fún wọn.

Kò mọ ìtàn Honda náà. Bàbá ọkọ rẹ̀, tí ó jẹ́ tíṣà, ni ó fi owó Údọ̀jí rà á ní 1975. Orí rẹ̀ ni wọ́n gbé ìyá ọkọ rẹ̀ sí lọ sí ilé ìgbẹ̀bí lóru ọjọ́ kan, ọmọ tí wọ́n sì bí lóru ọjọ́ náà ni ọkọ rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni bàbá kò fi jẹun nílé. Nígbà tí àwa fi máa tọpa irin náà dé ibi tí wọ́n kó o lọ, wọ́n ti gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ.

Ta ni ó jẹ̀bi? Àwọn méjèèjì ni. Bàbá fi ọ̀rọ̀ owó pamọ́. Ìyá ta ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹnìkínní kò sì bi ẹnìkejì ní ìbéèrè kan ṣoṣo.

2. Kí ni ó wà nínú irin àtijọ́?

Àwa obìnrin máa ń sọ pé pàǹtí ni. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Kí àwọn ènìyàn tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe alùpùpù akérò ní ọ̀kadà, tí wọ́n mú orúkọ náà láti ara ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983, ẹni tí ó bá ní alùpùpù ní àdúgbò kì í ṣe ẹni kékeré. Tíṣà ni, tàbí nọ́ọ̀sì, tàbí akọ̀wé ìjọba, tàbí ajíhìnrere tí ń lọ láti abúlé dé abúlé. Nígbà tí ìjọba fi kún owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ nípasẹ̀ ìgbìmọ̀ Údọ̀jí ní ìparí 1974, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó fi ra ohun tí yóò máa gbé wọn rìn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe Vespa ní Ítálì ní 1946, Lambretta sì tẹ̀lé e ní 1947. Ní 1958 ni ilé-iṣẹ́ Honda ní Japan gbé alùpùpù kékeré tí wọ́n ń pè ní Super Cub jáde. Nígbà tí ó fi máa di 2017, èyí tí wọ́n ti ṣe nínú rẹ̀ ti ju mílíọ̀nù 100 lọ. Ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ kan wà láti 1946 tí ó wà fún àwọn tí ń tọ́jú alùpùpù tí ó ti lé ní ọdún 25. Nítorí náà, ọkọ tí ó fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí kò yínwín. Ìrántí ni ó ń tọ́jú. Béèrè ìtàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí o tó pè é ní pàǹtí.

3. Ẹ̀kọ́ láti ilé John Wesley

Àwa ọmọ Mẹ́tọ́díìsì mọ̀ pé orí ẹṣin ni John Wesley lo ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀. Ìrìn tí ó rìn, wọ́n ṣírò rẹ̀ sí nǹkan bí máìlì 250,000. Ṣùgbọ́n a kì í sábà sọ̀rọ̀ ilé rẹ̀. Ní 1751 ó fẹ́ opó kan, Mary Vazeille. Wọ́n ti jọ sọ ọ́ kí wọ́n tó ṣe ìgbéyàwó pé kò ní dín ìwàásù àti ìrìn àjò rẹ̀ kù. Àdéhùn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìfẹ́ kò dúró nínú ilé náà. Aya rẹ̀ fi í sílẹ̀, wọn kò sì gbé pọ̀ mọ́ nígbà tí aya náà kú ní 1781. Bí iṣẹ́ Ọlọ́run pàápàá bá lè dá ààlà sáàárín tọkọtaya, mélòó mélòó ni táyà àti ṣéènì? Amosi béèrè bóyá ẹni méjì lè jọ rìn láìjẹ́ pé wọ́n rẹ́. Rírẹ́ ojoojúmọ́ ni, kì í ṣe ti ọjọ́ ìgbéyàwó nìkan.

4. Ohun tí tọkọtaya yẹ kí ó jọ fi ẹnu kò sí

(i) Owó. Jésù sọ̀rọ̀ ẹni tí ń kọ́ ilé-ìṣọ́, pé kí ó kọ́kọ́ jókòó ṣírò owó rẹ̀. Iye tí a ra alùpùpù àtijọ́ kọ́ ni gbogbo owó rẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ń bẹ, ṣéènì ń bẹ, táyà ń bẹ, owó mẹkáníìkì sì ń bẹ. Ẹ kọ́kọ́ yọ owó oúnjẹ, ti ilé-ẹ̀kọ́, ti ilé-ìwòsàn àti ti Ọlọ́run sọ́tọ̀. Inú ohun tí ó bá ṣẹ́kù ni kí ti alùpùpù ti jáde, kí ẹ sì máa kọ ọ́ sínú ìwé kan tí àwọn méjèèjì lè ṣí.

(ii) Ààyè. Ẹ kọ́ ahéré kékeré tí a fi páànù bò sí ẹ̀yìnkùlé, nítorí òjò ni ọ̀tá irin. Ẹ fẹnu kò sí iye tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bí tuntun yóò bá wọlé, kí ọ̀kan jáde.

(iii) Ìwé. Kí bàbá gba rìsíìtì tí ó ní orúkọ ẹni tí ó tà á, kí ó sì fi nọ́ńbà tí ó wà lára ẹ́ńjìnnì àti ara irin wé ti inú ìwé. Ohun olè kò mọ ọjọ́ orí, bí ó ti wù kí ó gbó tó.

(iv) Iná àti èéfín. Ní 1984 ni wọ́n ṣí músíọ̀mù alùpùpù ńlá kan lẹ́bàá ìlú Birmingham. Ní Oṣù Kẹsàn-án 2003, iná jó o, alùpùpù tí ó lé ní 300 ni ó bá a lọ. Sìgá tí ẹnì kan jù sílẹ̀ ni wọ́n ní ó fà á. Nítorí náà, kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ ilé ìdáná wa. Bí alùpùpù yóò bá dúró pẹ́, kí wọ́n fa bẹntiróòlù inú rẹ̀ jáde, nítorí bí ó bá pẹ́ yóò ki, yóò sì dí kàbúrétọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ta ẹ́ńjìnnì nínú yàrá tí a tì. Májèlé kan wà nínú èéfín náà tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, ó sì ń pa ènìyàn. Ní ti Vespa àti Lambretta tí wọ́n ń po òróró mọ́ epo wọn, ẹ bẹ bàbá kí ó má tan wọ́n ní ọjọ́ tí aṣọ bá wà lórí okùn.

5. Kí àwa náà wo ara wa

Ta ni nínú wa tí kò ní alùpùpù tirẹ̀? Ẹ ṣí àpótí aṣọ wa. Ẹ wo aṣọ ẹgbẹ́ tí a wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ wo àwo tánganran tí ó ti wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù láti ọjọ́ pípẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fi jẹun rí. Ohun tó wu ni ló ń pọ̀ nínú ọrọ̀ ẹni. Ọ̀rọ̀ ìṣúra tí ìpẹtà ń bàjẹ́ nínú Matteu kan bàbá, ti kòkòrò tí ń jẹ aṣọ sì kan ìyá.

Ẹ jẹ́ kí a ṣọ́ ẹnu wa pẹ̀lú. Àwa ará ìlú Tìmì Àgbàlé Ọlọ́fà Iná mọ ohun tí ọfà lè ṣe, àwọn àgbà sì ti sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ìparí

Ìyá náà kúnlẹ̀, ó bẹ ọkọ rẹ̀. Bàbá náà bẹ ìyàwó rẹ̀ níwájú wa, ó ta Lambretta fún ẹlòmíràn tí ń kó irú rẹ̀ jọ, ó sì fi owó rẹ̀ san owó ilé-ẹ̀kọ́. Honda bàbá rẹ̀ kò padà wá. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí ìṣó ní pálọ̀ wọn, ìyá sì ni ó ń nù ún. Ní ọjọ́ Ìkórè tí ó kọjá, orí Vespa ni àwọn méjèèjì bá wá sí ilé Ọlọ́run. Inú báàgì ni gèlè ìyá wà nítorí afẹ́fẹ́. Ẹnu ọ̀nà ìjọ ni ó ti wé e, ọkọ rẹ̀ sì di jígí mú fún un.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni ọkọ rẹ fẹ́ràn tí o kò tíì béèrè ìtàn rẹ̀ rí?
2. Kí ni ìwọ náà ń kó jọ tí ọkọ rẹ ń fara dà?
3. Bí ọkọ bá ná owó ọmọ láìsọ, ọ̀nà wo ni ó dára jù láti bá a sọ ọ́?

Àdúrà: Olúwa, kọ́ wa láti máa sọ fún ara wa kí a tó ṣe, àti láti máa béèrè kí a tó bínú. Àmín.