Wákàtí Kìn-ín-ní Ọmọ Tuntun: Ẹ̀tọ́ Tí A Kò Gbọdọ̀ Fi Dù Ú

Khutubah Kìn-ín-ní

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó dá ènìyàn láti inú àtọ̀, tí Ó sì fi oúnjẹ rẹ̀ sí àyà ìyá rẹ̀ kí ó tó dé ayé. Kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàhábà rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó bá tẹ̀lé wọn títí di ọjọ́ ìkẹyìn.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun lórí àwọn àgbàfipamọ́ tí Ó fi sí ìkáwọ́ wa. Ọ̀kan nínú wọn ni a ó sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: ọmọ tuntun, ní wákàtí kìn-ín-ní tí ó dé ilé ayé.

Ní àdúgbò wa yìí, láti Ọ̀jọ́ dé Ìbà àti Òkókómáíkò, ayọ̀ ńlá ni nígbà tí aboyún bá sọ̀ kalẹ̀ láyọ̀. Bàbá ọmọ á mú fóònù, á máa pe àwọn ẹbí. Ìyá àgbà á gbé omi kaná. Wọ́n á gbé ọmọ lọ wẹ̀, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á fi aṣọ dì í, ẹlòmíràn á sì ti kán omi glukóòsì sí i lẹ́nu. Nígbà tí wọn yóò bá fi gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, oorun ti gbé e lọ. A rò pé a ti ṣe é lálejò. Ṣùgbọ́n àlejò náà ní iṣẹ́ kan tí ó fẹ́ ṣe, a kò sì jẹ́ kí ó ṣe é.

Ọlọ́hun sọ fún wa nínú Súrà An-Nahl, áyà 78, pé Òun mú wa jáde láti inú àwọn ìyá wa nígbà tí a kò mọ nǹkan kan. Nínú Súrà Tọ́-Há, áyà 50, Ànábì Músá sì jẹ́ kí Firiáónà mọ̀ pé Olúwa wa ni Ẹni tí Ó fún gbogbo nǹkan ní ìṣẹ̀dá rẹ̀, tí Ó sì fi í mọ̀nà lẹ́yìn náà. Bí a bá so áyà méjèèjì pọ̀, a ó rí i pé ọmọ tí kò mọ nǹkan kan kò wá sáyé láìní Afinimọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ ní ọmú mímu, síbẹ̀ ó mọ̀ ọ́n.

Ẹ wo bí ìmọ̀nà yìí ti ń ṣiṣẹ́. Bí a bá nu ọmọ gbẹ, tí a gbé e lé àyà ìyá rẹ̀ kí ara kan ara, tí a fi aṣọ bo àwọn méjèèjì, tí a sì fi wọ́n sílẹ̀, ọmọ á kọ́kọ́ sinmi. Lẹ́yìn náà á la ojú, á máa mi ètè àti ahọ́n, á máa gbé ọwọ́ lọ sẹ́nu. Á máa fi ẹsẹ̀ ti ikùn ìyá rẹ̀, á sì máa wọ́ lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Òórùn orí ọmú jọ ti omi tí ó yí i ká nínú ilé ọmọ. Òórùn yìí wà lára ohun tí ń fà á. Bí ọmú bá ti kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á yí orí síbẹ̀, á la ẹnu, á sì gbá a mú.

Ní ọdún 1990, Lennart Righard àti Margaret Alade tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọmọ 72 tí a bí ní orílẹ̀-èdè Sweden. Wọ́n fi 38 nínú wọn sílẹ̀ lórí ìyá wọn fún wákàtí kan, ó kéré tán. Wọ́n gbé 34 yòókù kúrò lẹ́yìn nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú, kí wọ́n lè wọ̀n wọ́n kí wọ́n sì wọ̀ wọ́n láṣọ. Nínú àwọn 38, 24 ni ó mu ọmú bí ó ti tọ́. Nínú àwọn 34, 7 péré ni. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé lẹ́yìn nǹkan bí 20 ìṣẹ́jú náà gan-an ni àwọn ọmọ ń bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ lọ síbi ọmú. Ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sọ́nà ni à ń gbé wọn kúrò. Òṣùwọ̀n kò ní sá lọ. Wákàtí yẹn ni kì í padà.

Omi ọmú àkọ́kọ́ ki, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ìyeyè, kò sì pọ̀. Àwọn kan máa ń fún un dànù pé ó dọ̀tí. Kò dọ̀tí rárá. Ó kún fún ohun tí ń gbógun ti àrùn, ó sì tó ọmọ, nítorí ìwọ̀nba díẹ̀ ni ikùn rẹ̀ lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Láàárín ọjọ́ kejì sí ọjọ́ kẹrin ni ọmú sábà máa ń kún, mímu tí ọmọ ń mu ún ni ó sì ń pè é jáde. Nítorí náà, bí a bá ní ọmú kò tíì yọ, tí a wá ń rọ ọmọ ní omi tàbí àgbo, a ti fi omi kún ikùn rẹ̀, kò ní mu ọmú tó, ọmú náà kò sì ní pọ̀. Èrè ìyá tún wà níbẹ̀: bí ọmọ bá ti ń mu ọmú, ilé ọmọ á máa sún kì, ẹ̀jẹ̀ tí ń dà á sì dínkù.

Ẹ rántí ìyá Ànábì Músá nínú Súrà Al-Qasas. Àwọn ọmọ ogun Firiáónà ń pa àwọn ọmọkùnrin, síbẹ̀ ohun àkọ́kọ́ tí Ọlọ́hun fi mọ̀ ọ́n ni pé kí ó fún ọmọ náà ní ọmú. Àṣẹ ọmú ṣáájú àṣẹ odò. Nígbà tí ọmọ dé ààfin, ó kọ ọmú gbogbo obìnrin, títí Ọlọ́hun fi dá a padà sí ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀.

Khutubah Kejì

Ẹ̀yin ọmọ ìyá wa nínú Ìsìláàmù, ìwádìí ìjọba ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú ọmọ 100 ní Nàìjíríà, nǹkan bí 42 ni a fún ní ọmú láàárín wákàtí kìn-ín-ní, nínú àwọn tí kò sì tíì pé oṣù mẹ́fà, nǹkan bí 29 nínú 100 ni ń mu ọmú nìkan. Ilé wa wà nínú òǹkà yìí. Kí ni kí a ṣe?

Ìkíní, ẹ̀yin aboyún, ẹ sọ ọ́ kí ọjọ́ ìrọbí tó pé, fún nọ́ọ̀sì tàbí ìyá agbẹ̀bí, pé orí àyà yín ni ẹ fẹ́ kí wọ́n gbé ọmọ lé. Ẹni tí a ṣe iṣẹ́ abẹ fún náà lè ṣe é, bí ara òun àti ọmọ bá dá.

Ìkejì, ẹ̀yin bàbá, Súrà Al-Baqarah, áyà 233, gbé oúnjẹ àti aṣọ ìyá ọmọ kà yín lórí. Kí owó tí ẹ fẹ́ fi ra wàrà inú agolo di oúnjẹ ìyá. Láti ọdún 2014 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti fọwọ́ sí ìsinmi oṣù mẹ́fà fún àwọn obìnrin òṣìṣẹ́ ìjọba rẹ̀ lórí ọmọ méjì àkọ́kọ́, àti ọjọ́ mẹ́wàá fún àwọn bàbá. Obìnrin tí ń pàtẹ ọjà ní Alábà tàbí Ìyánà-Ìba kò ní ọ̀gá tí yóò fún un ní ìsinmi. Àwa ọkọ àti ẹbí ni kí a fún un.

Ìkẹta, ẹ̀yin ìyá wa àgbà, a mọ̀ pé ìfẹ́ ni ẹ fi ń gbé omi kaná. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ìwẹ̀ dúró. Ẹ jókòó ti ìyálọ́mọ, ẹ bá a gbé irọ̀rí sí ẹ̀yìn, kí ẹ sì fún un ní ohun gbígbóná mu. Òun ni kí ó mu ún, kì í ṣe ọmọ.

Ìkẹrin, a lè pe ìpè irun sí etí ọmọ níbi tí ó wà lórí àyà ìyá rẹ̀. Ẹni tí yóò bá ṣe tahníìk, kí ó fọ ọwọ́ rẹ̀ mọ́, kí ó ṣe é lẹ́yìn ọmú, kí dàbínù náà jẹ́ ìwọ̀nba tí a fi kan òkè ẹnu lásán. Kí a má fi oyin rọ́pò rẹ̀, nítorí oyin léwu fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan.

Bí ọmọ kò bá mí dáadáa, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ìyá, ìtọ́jú ni kí ó ṣáájú. Ẹni tí kòkòrò HIV wà lára rẹ̀, kí ó tẹ̀lé ìmọ̀ràn ilé ìwòsàn. Obìnrin tí ó sì gbìyànjú tí ọmú kò yọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gàn án. Áyà 233 náà fàyè gba kí obìnrin mìíràn bá wa fún ọmọ ní ọmú, Ọlọ́hun kì í sì í di ẹrù tí ó ju agbára ẹ̀mí lọ rù ú.

Lẹ́yìn wákàtí náà, kí ó jẹ́ ọmú nìkan fún oṣù mẹ́fà, láìsí omi, láìsí àgbo. Lẹ́yìn èyí, kí a fi oúnjẹ kún un, kí ọmú sì máa bá a lọ títí di ọdún méjì fún ẹni tí ó bá fẹ́ pé e, gẹ́gẹ́ bí Ọlọ́hun ti là á kalẹ̀.

Ọlọ́hun, sọ àwọn aboyún wa kalẹ̀ ní wẹ́rẹ́. Fi àlùbáríkà sí ọmú àwọn ìyálọ́mọ. Má ṣe jẹ́ kí a jẹ́ ìdènà lójú ọ̀nà tí O fi àwọn ọmọ wa mọ̀. Forí jin àwọn òbí wa tí wọ́n tọ́ wa ní kékeré. Àmín.