Àbúrò Mi, Mú Ìbéèrè Rẹ Dání Lọ sí Ìpàdé

Àbúrò mi tó wà ní Àgọ́sásà, mo mọ̀ pé o ti ń rí àwòrán wọn lórí fóònù: àwọn ọ̀dọ́ tó kóra jọ sínú gbọ̀ngàn kan ní Yaba tàbí Ìkẹjà, káàdì orúkọ lọ́rùn, kọ̀ǹpútà lórí itan, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa AI, ọgbọ́n àtọwọ́dá tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, àti nípa bí èèyàn ṣe lè gbé ayé ara rẹ̀ ga. O wò ó, o mí kanlẹ̀, o ní, "Ti àwọn ará Èkó nìyẹn." Gbólóhùn yẹn ló mú mi jókòó tì ọ́ lónìí. Ìwọ tó ń ta epo pupa, ìwọ tó ń ránṣọ, ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde girama tó ń ran ìyá rẹ lọ́wọ́ nídìí lafún, àwọn ìpàdé wọ̀nyẹn kàn ọ́. Kí n kàn sọ bí wọ́n ṣe ń lọ fún ọ, kí owó mọ́tò má baà ṣòfò.

Kí lo fẹ́ lọ béèrè?

Má ṣe gbéra kúrò nílé nítorí pé o fẹ́ "mọ̀ nípa ìmọ̀ ẹ̀rọ". Ìyẹn ti gbòòrò jù, bí o ṣe lọ náà lo ṣe máa bọ̀. Jókòó jẹ́ẹ́, ro ọ̀sẹ̀ tó kọjá wò. Kí ló dà ọ́ láàmú jù nídìí iṣẹ́ rẹ? Òun ni kí o kọ sínú ìwé, kí o sì mú un dání lọ.

Jẹ́ ká fi ẹni tó ń ta epo ṣe àpẹẹrẹ. Oníbàárà kan dé láti Sàǹgó, ó ra kẹ́ẹ̀gì 10, ó ní òun ti ṣe tiransifá. Ó na fóònù rẹ̀ sí ọ, "Ẹ wò ó, ó ti lọ." Àlááàtì dún lórí fóònù tìrẹ náà. O bá a gbé epo sínú mọ́tò, ó lọ. Nígbà tó di alẹ́ tí o fẹ́ sanwó fún àwọn tó fún ọ lépo, owó ò sí nínú àkáǹtì, ayédèrú àlááàtì ni. Ìbéèrè tí wàá mú lọ sí ìpàdé nìyẹn: "Kí ni mo lè wò, tó máa dá mi lójú pé owó ti wọlé, kí n tó gbé ọjà jáde?" Ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀rọ báńkì á là á yé ọ pé kí o má gbọ́kàn lé àtẹ̀jíṣẹ́, nítorí pé ẹlòmíràn lè fi orúkọ báńkì ránṣẹ́ sí ọ. Áàpù báńkì rẹ ni kí o ṣí, tàbí kí o tẹ nọ́ńbà kúkúrú tí báńkì fún ọ, kí o fojú ara rẹ rí iye tó wà nínú àkáǹtì kí kẹ́ẹ̀gì kankan tó kúrò nílẹ̀. Ìdáhùn kan ṣoṣo yẹn ti san owó mọ́tò rẹ padà.

Tó bá jẹ́ ẹ̀gẹ́ lò ń gbìn ńkọ́? Béèrè nípa ewé rẹ̀ tó ń rún, tó ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Áàpù kan wà tó ń jẹ́ PlantVillage Nuru, tí Yunifásítì Penn State ní Amẹ́ríkà àti IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Ìbàdàn, jọ ṣe. O máa gbé kámẹ́rà fóònù síwájú ewé ẹ̀gẹ́, AI inú rẹ̀ á sì sọ àrùn tó fura sí. Kódà bí kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì nínú oko, ó ń ṣiṣẹ́. Bí àwọn èèyàn bá ń pariwo AI, irú nǹkan báyìí ni kí o ní lọ́kàn, ohun tó kan oko àti ìsọ̀ rẹ.

Ibi tí wọ́n ti ń pàdé

Yaba ló lókìkí jù. Ibẹ̀ ni Bosun Tijani àti Femi Longe ti ṣí Co-Creation Hub, tí wọ́n ń pè ní CcHub, lọ́dún 2011. Nígbà tí Mark Zuckerberg tó dá Facebook sílẹ̀ wá sí Nàìjíríà ní oṣù kẹjọ ọdún 2016, ó débẹ̀. Tijani yìí kan náà ló di mínísítà ètò ìbánisọ̀rọ̀ lọ́dún 2023, ọdún náà sì ni ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ 3MTT, ètò tó fẹ́ kọ́ mílíọ̀nù 3 ọmọ Nàìjíríà ní iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀, o lè ṣe é láti Àgọ́sásà.

Bí AI gan-an ló wù ọ́, fi orúkọ AI Saturdays Lagos sọ́kàn. Ọdún 2018 ni Tejumade Afonja àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń fi ọjọ́ Sátidé wọn kọ́ àwọn tí kò tíì mọ̀ ọ́n. Ọ̀dọ́mọbìnrin ló wà nídìí rẹ̀ o. Ti àwa obìnrin nìkan náà wà: W.TEC tí Oreoluwa Lesi dá sílẹ̀ lọ́dún 2008 fún àwọn ọmọbìnrin, àti She Code Africa tí Ada Nduka Oyom bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2016.

Ṣùgbọ́n kí o tó ronú Èkó, wo ìtòsí. Láti ọdún 1979 ni Pólì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ìlaròó. Béèrè lọ́wọ́ ọmọ àdúgbò tó ń kàwé níbẹ̀ bóyá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà fẹ́ ṣe ìpàdé, kí o sì ní kó mú ọ dání. Owó mọ́tò kò ní pa ọ́, wàá sì ti padà sílé kó tó ṣú.

Má sì gbàgbé òdìkejì bọ́dà. BloLab wà ní Kútọnu ní Benin, ilé iṣẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń fọwọ́ ara wọn ṣe ẹ̀rọ. Ní Lomé ní Tógò, lọ́dún 2013, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Afate Gnikou ní WoeLab fi àwókù kọ̀ǹpútà àti àwókù skánà to ẹ̀rọ tó ń tẹ nǹkan jáde ní odidi, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 3D. Ìwọ tó gbọ́ Ègùn, má sọ pé Faransé máa dí ọ lọ́wọ́, Ègùn tí wọ́n ń sọ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìpókíá ni wọ́n ń sọ ní Àjàṣẹ́ lójú ọ̀nà Kútọnu náà. Ìwé ìrìnnà rẹ ni kí o rí i pé ó pé.

Ọ̀rọ̀ ọ̀nà

O mọ ọ̀nà wa. Kọ́sítọ́ọ̀mù dá mọ́tò dúró níbí, ìmígíréṣọ̀n dá a dúró lọ́hùn-ún, síbẹ̀ gó-síló Òtà àti Sàǹgó ṣì ń dúró dè ọ́. Tí wọ́n bá ní aago 10 ni ìpàdé, ìdájí ni kí o kúrò nílé. Mú káàdì ìdánimọ̀ dání. Sọ ibi tí ò ń lọ fún ẹnì kan nílé, kí o fún un ní nọ́ńbà ẹni tó pe ìpàdé, kí o sì pinnu aago tí wàá dìde, yálà wọ́n parí tàbí wọn ò parí. Kò sí ìmọ̀ tó yẹ kó sọ ọmọbìnrin di èrò ojú títì lóru. Bí ìpàdé bá máa gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, wá ilé ìbátan sùn sí, tàbí kí o béèrè bóyá wọ́n á gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Tó bá sì jẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì lo ti fẹ́ wò ó láti ilé, kíyè sí fóònù rẹ. Lẹ́bàá bọ́dà, ó lè bọ́ sórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì Benin láìsọ fún ọ, kó sì jẹ owó rẹ tán. Lọ sí ibi tí wọ́n kọ "data roaming" sí nínú fóònù, kí o pa á.

Nígbà tí o bá débẹ̀

Kí àwọn èèyàn, sọ orúkọ rẹ àti iṣẹ́ rẹ, má fi iṣẹ́ rẹ pamọ́. "Epo pupa ni mò ń tà ní Àgọ́sásà" á jẹ́ kí wọ́n rántí rẹ ju ẹni 20 tó ní àwọn ń ṣe "bísínẹ́ẹ̀sì" lọ. Bí Gẹ̀ẹ́sì wọn bá ń yára jù, fi Yorùbá béèrè, ẹni tó máa dáhùn wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá ẹni tó dáhùn ọ̀rọ̀ rẹ lọ, dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí o sì gba nọ́ńbà rẹ̀. Nọ́ńbà ẹni méjì tó mọ iṣẹ́ sàn ju ọgọ́rùn-ún fọ́tò lọ.

Tí ojú bá sì fẹ́ máa tì ọ́, rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ní ìpínlẹ̀ wa níbí. Ọdún 1932 ni Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, ẹgbẹ́ àwọn ìyàwó ilé tó kàwé, tí wọ́n máa ń pàdé kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ìwà ọmọlúàbí. Kò sí àwọn ìyálọ́jà nínú rẹ̀. Lọ́dún 1944, ọlọ́jà kan sọ pé òun fẹ́ mọ ìwé kà. Ìbéèrè kan péré yìí ló ṣí ìlẹ̀kùn, ẹgbẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ìyálọ́jà níwèé. Bí wọ́n ṣe ń jókòó pọ̀ ni àwọn ìyálọ́jà ń sọ ìyà tó ń jẹ wọ́n, bí àwọn aṣojú ìjọba ṣe ń gba ìrẹsì wọn àti bí owó orí ṣe ń ni wọ́n lára. Lọ́dún 1946, ẹgbẹ́ yí padà di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, wọ́n sì dìde ta ko owó orí náà àti Aláké, ọba ìlú. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 1949, Aláké Adémọ́lá ti fi ààfin sílẹ̀, wọ́n sì ti dáwọ́ owó orí àwọn obìnrin dúró.

Ìwé kíkà ni ìmọ̀ tuntun ìgbà yẹn, bí AI ṣe jẹ́ ìmọ̀ tuntun lónìí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n tó sì lanu béèrè ló sọ ìpàdé àwọn ọ̀mọ̀wé di ohun tó tún ìlú ṣe. Nítorí náà, má rò pé ìwọ nìkan lò ń rí gbà níbi ìpàdé. Àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ ní Yaba kò mọ ojú ìṣòro tí ọlọ́jà bọ́dà ń rí, àfi tí o bá sọ ọ́.

Sá fún àwọn wọ̀nyí

Àbúrò mi, gbọ́ eléyìí dáadáa. Ìpàdé kan wà tí wọ́n ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n á máa patẹ́wọ́, tí wọ́n á máa pariwo pé o máa dọlọ́rọ̀, kí wọ́n tó ní kí o san owó kan, kí o sì mú ẹni méjì wá. Wọ́n á fi "ìdàgbàsókè ara ẹni" àti AI bo ojú rẹ̀. MMM, ètò kan tó ní òun máa sọ owó di púpọ̀, náà ń ní kí àwọn èèyàn mú ẹlòmíràn wá, kó tó ti owó wọn pa ní oṣù kejìlá ọdún 2016. CBEX, ìkànnì ìdókòwò kan, ní AI ló ń bá òun ṣòwò, àmọ́ ní oṣù kẹrin ọdún 2025, àwọn tó fowó sí i kò rí kọ́bọ̀ yọ mọ́. Ìpàdé gidi á fi iṣẹ́ kọ́ ọ, kò ní béèrè iye èèyàn tí o lè mú wá. Kò sì sí olùkọ́ tó tọ́ kó béèrè PIN rẹ, BVN rẹ tàbí nọ́ńbà OTP tó wọlé sórí fóònù rẹ. Ẹni tó bá béèrè, dìde níwájú rẹ̀, kí o máa bọ̀ nílé.

Mú un délé

Ọ̀rọ̀ tí mo ń bọ̀ wá sọ gan-an rèé. Ohun tí o kọ́ kò gbọdọ̀ parí sínú ìwé rẹ. Pe ẹni mẹ́rin tàbí márùn-ún jọ, lọ́jọ́ tí kò sí ọjà, ní ìsọ̀ rẹ tàbí lábẹ́ igi iwájú ilé. Àwọn ìyá wa ń ṣe àáró nínú oko: lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ. Ẹ ṣe ti fóònù náà bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ kọ́ bí a ṣe ń wo owó tó wọlé. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí télọ̀ àárín yín fi bí a ṣe ń ya fọ́tò aṣọ lọ́nà tí oníbàárà fi máa rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kedere hàn yín: kó gbé aṣọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ àárọ̀ ti wọlé, kó má ko oòrùn ọ̀sán, kó ya ojú rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ àti ibi tí ó ti rán an pọ̀. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ fi Yorùbá béèrè nǹkan lọ́wọ́ AI, kí ẹ sì yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò pẹ̀lú ẹni tó mọ iṣẹ́ náà, nítorí ó máa ń fi ìdánilójú sọ ohun tí kò rí bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ oògùn tàbí òfin, ẹ lọ bá nọ́ọ̀sì tàbí lọ́yà.

Kí ìjókòó náà má ju wákàtí kan lọ, nítorí àwọn tó ní ọmọ nílé. Kí ohun tí ẹ máa kọ́ jẹ́ ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan. Kí gbogbo ọwọ́ kan fóònù, kó má jẹ́ pé ẹnì kan ló ń tẹ̀ ẹ́ tí àwọn yòókù ń wò. Ẹni tó bá ní sólà, kó bá wọn ṣáájì fóònù. Kí ẹ fi Ègùn, Ànàgó àti Yorùbá sọ ọ́ kó yé ìyá àgbà. Má ṣe gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà rò pé MMM mìíràn ló dé.

Torí náà, àbúrò mi, kọ ìbéèrè kan sílẹ̀ lónìí kí o tó sùn, kan ṣoṣo, èyí tó ń dùn ọ́ jù nídìí iṣẹ́ rẹ. Bí owó mọ́tò bá wà, gbé e lọ sí Ìlaròó tàbí Yaba. Bí kò bá sí, gbé e lọ sí ìsọ̀ aládùúgbò rẹ, kí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Ìpàdé tó bá kọ́ ọ ní ohun tí ọwọ́ rẹ lè ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè ni ìpàdé. Èyí tí kò bá kọ́ ọ ní nǹkan kan, má padà lọ síbẹ̀ mọ́.